Thinner tí Stephen King kọ: ṣé ẹni tó sanra ló ń bú ni, àbí ẹni tó jẹ̀bi?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú ilé o. Ẹ̀gbọ́n mi ló yá mi ní Thinner, ìwé tí Stephen King kọ lọ́dún 1984. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kà á tán, inú sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Èmi fúnra mi tóbi, kì í ṣe nǹkan tí mo lè fi pamọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn, ikùn ọkùnrin náà ni wọ́n ń sọ, bó ṣe ń mí, bó ṣe ń jẹun. Àwọn tá a jọ ń kàwé ní kí n gbójú fo ìyẹn, pé ìtàn ẹ̀ dùn débi pé èèyàn ò lè gbé e sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kà á, ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn ń fi ẹni tó sanra ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Ẹ sọ òótọ́ fún mi.

* * *

Òótọ́ lẹ fẹ́? Ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ìwé náà ò dúró síbẹ̀, ibi tó gbà lọ lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ ká jọ jiyàn lé lórí.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, ó ti lé lógún ọdún. Téèpù kì í kúrò lọ́rùn mi láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹni tó sanra, ẹni tó rù, ẹni tó ń fa ikùn wọlé kí n má bàa wọn òótọ́, gbogbo wọn ló ń gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá. Torí náà mo lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹni tí kò bá tíì kà á, tó sì fẹ́ kà á, kó yáa fi ibí sílẹ̀ báyìí, torí a máa tú gbogbo ẹ̀ síta ni. Lọ́yà kan ni, Billy Halleck, ní ìlú àwọn tó rí já jẹ ní Connecticut. Orí kìíní ìwé náà, nọ́ńbà lásán ni wọ́n fi ṣe àkọlé ẹ̀: 246. Ìwọ̀n ara ọkùnrin náà nìyẹn ní páùn, ó tó kílò 112. Ó ń wakọ̀ lọ́jọ́ kan, ìyàwó ẹ̀ Heidi ń fọwọ́ bá a ṣeré nínú mọ́tò, ojú ẹ̀ ò sí lọ́nà mọ́, ló bá kọlu ìyá àgbàlagbà kan tó ń sọdá. Ìyá náà kú. Ọmọ ìran Roma ni, àwọn tí ìwé náà ń pè ní Gypsy, tí wọ́n ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Ọ̀rẹ́ Halleck ni adájọ́, ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà ò sì ṣe ìwádìí kankan tó nítumọ̀. Wọ́n ní kó máa lọ ilé. Bó ṣe ń jáde ní kóòtù ni bàbá olóògbé náà, arúgbó tó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, na ìka kan kan án lẹ́rẹ̀kẹ́, tó sì sọ ọ̀rọ̀ kan péré. Ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n fi sọ ìwé lórúkọ. Àtọjọ́ náà ni Halleck ti ń rù. Ó ń jẹun bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n, ó sì ń rù.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn méjì yòókù kẹ́ ẹ tó sọ pé sísanra ni wọ́n ń bá jà. Adájọ́ yẹn, ara ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le, ó ń yọ ìpẹ́ bí ẹja. Ọ̀gá ọlọ́pàá, ojú ẹ̀ kún fún eéwo títí ẹnikẹ́ni ò fi lè wò ó. Àwọn yẹn ò sanra. Ẹjọ́ tí wọ́n gbé síbi tí kò yẹ ni bàbá yẹn ń gbà padà lára wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan.

* * *

Àwọn èsì ti pọ̀ láti àná, mo ti kà wọ́n. Ẹnì kan ní ká kọ́kọ́ túmọ̀ àkọlé ẹ̀ ná, ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ́. Àwọn kan ní “Tín-ín-rín”. Òmíràn ní “Joro”. Arákùnrin tó ń gbé ní Peckham ní “Pẹ́lẹ́ńgẹ́”, mo rẹ́rìn-ín débi tí ọmọ iṣẹ́ mi fi bi mí pé kí ló dé.

Ẹ gbọ́ ná. Tín-ín-rín, òwú là ń sọ ọ́ fún, tàbí ọ̀nà oko. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì rèé, oríkì ni. Tí ọkùnrin bá pe ìyàwó ẹ̀ ní pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹran ló máa jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò sí bí arúgbó tí wọ́n pa ọmọ ẹ̀ ṣe máa na ìka sí èèyàn tó máa ní “pẹ́lẹ́ńgẹ́”. Ohun tó máa jáde lẹ́nu bàbá Yorùbá ni “O ó máa rù.” Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ ọ́, kẹ́ ẹ wò ó bí ara yín ò bá ní bù máṣọ.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà fún ẹni tó bá fẹ́ kọ ìwé yìí ní Yorùbá. Ọ̀rọ̀ Òyìnbó tí bàbá yẹn lò lójú méjì. Ìyàwó lè fi yin ọkọ, ọ̀tá sì lè fi ṣépè. Torí ẹ̀ ni inú Heidi fi kọ́kọ́ dùn nígbà tí ọkọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, ṣebí ó ti ń bẹ̀ ẹ́ tipẹ́ pé kó dín oúnjẹ kù. Ojú ìwé púpọ̀ kọjá kí ìbẹ̀rù tó dé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, àmọ́ ó ń yí padà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ní tiwa, a ti ya méjèèjì sọ́tọ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ àti lẹ́pa, ìyẹn ń jẹ́ ẹwà. Rírù, ìyẹn ń jẹ́ “kí ló ṣe ọ́?” Gbàrà tẹ́ ẹ bá ti ní “rù”, òǹkàwé Yorùbá ti mọ̀ pé ikú ti wọlé. Ẹ ti já àṣírí ìwé náà lójú ìwé kìíní.

Èmi ò rí ọ̀rọ̀ tó lè ṣe é. Ẹni tó bá rí i, kó fi han wa.

* * *

Ẹni tó béèrè padà wá, ó ní mo ti sá fún ìbéèrè òun, mo lọ ń ṣe gírámà. Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi, kí n wá sọ nǹkan kan tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí àwọn tó kórìíra ìwé náà ń sọ kò le. Wọ́n ní King fi ara ọkùnrin náà ṣe àmì ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀: ó sanra, ìyẹn ni pé ó ń jẹ ju ti ẹ̀ lọ, ìyẹn ni pé ó yó láì bìkítà. Mo gbà pé ó wà níbẹ̀, ó sì rọrùn jù. Ilé ìtajà mi kún fún àwọn tó sanra tí wọn ò jẹ tó ìdajì oúnjẹ tí ọmọ iṣẹ́ mi tó rí bí igi ìṣáná ń jẹ. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ náà ní ti wọn: wọ́n ní látìgbà tó bá ti ń rù, kò sẹ́ni tó ń rántí ikùn mọ́, eré ni èèyàn ń sá bá ìwé náà. Òótọ́ nìyẹn náà. Nọ́ńbà tó wà lókè àwọn orí ìwé ló ń ṣe é. Ẹ ṣí ìwé, ẹ rí 246. Ẹ ṣí i síwájú, 188. Ẹ tún ṣí i, 156. Nígbà tẹ́ ẹ bá máa fi rí 118, ẹ ò nílò kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Orí kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ tó jẹ́ ṣòkòtò ọkùnrin náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Èmi télọ̀, ibẹ̀ ni mo ti jókòó dáadáa.

Mo ní ìwé nọ́ńbà kan tí mo máa ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi sí, ojú ìwé kan fún ẹnì kan, ọjọ́ tí mo wọ̀n ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tíṣà kan wà nínú ẹ̀, ọkùnrin tó tóbi dáadáa, tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó wọlé. Ìbàdí ẹ̀ jẹ́ íǹṣì 42 nígbà tí mo rán ṣòkòtò mẹ́ta fún un. Lẹ́yìn oṣù méjì ó mú ọ̀kan wá, ó ní kí n gbà á wọlé díẹ̀. Mo kọ 40. Mo ní, “Ẹ ti ń sáré láàárọ̀ ni, sà?” Ó ní bóyá Ọlọ́run ló gbọ́ àdúrà ìyàwó òun. A jọ rẹ́rìn-ín.

Ó tún padà wá. 37.

Ẹni tí kò bá rán aṣọ rí lè má mọ ohun tí íǹṣì márùn-ún jẹ́ lára ṣòkòtò kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbà á wọlé, ojú rírán ẹ̀yìn lẹ máa tú, látòkè dé ìsàlẹ̀ ìdí, kẹ́ ẹ fún un mọ́ra, kẹ́ ẹ tún un rán. Íǹṣì kan, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Íǹṣì méjì, ó ṣì bójú mu. Tẹ́ ẹ bá kọjá ibẹ̀, àpò ẹ̀yìn méjèèjì á máa sún mọ́ra bí ojú ẹni tó ń wo imú ara ẹ̀. Ti tíṣà yìí, àpò méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kanra. Mo sọ fún un pé mo gbọ́dọ̀ tú ẹ̀gbẹ́ náà, pé owó iṣẹ́ á pọ̀ sí i. Ó ní kò burú. Ó mu omi tó wà nínú ike lọ́wọ́ ẹ̀ tán lórí ìdúró, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ mi bá òun ra pió wọ́tà méjì sí i. Mo rí i. Mo kọ 37 sílẹ̀, mo gbowó.

Nígbà tó fi di 34, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, kò dìde kí n wọ̀n ọ́n, ó ní kí n máa lo ti ìṣáájú kí n kàn yọ díẹ̀ kúrò. Ó sọ fún mi pé àwọn ń lọ sórí òkè àdúrà lópin ọ̀sẹ̀, pé wọ́n ti rí ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ará ilé ni. Mo ní “Ọlọ́run á ṣẹ́gun.” Àtọ̀gbẹ ni. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti ga débi pé kò mọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ mọ́. Ó yè é. Mo dúpẹ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo ka Thinner. Ẹ wo bó ṣe dojú kọ ara wọn: Halleck, èpè ló wà lára ẹ̀, ilé ìwòsàn ló ń lọ, wọ́n wá gbogbo inú ẹ̀ wò wọn ò rí nǹkan kan. Tíṣà tèmi, àìsàn ló wà lára ẹ̀, orí òkè ló ń gùn. Bí mo ṣe ń ka àwọn nọ́ńbà yẹn ni mo dìde, mo lọ mú ìwé mi wá láti abẹ́ tábìlì. 42, 40, 37, 34. Oṣù méje. Ìyàwó ẹ̀ tó ń rí i lójoojúmọ́ lè sọ pé òun ò tètè mọ̀, ojú tó bá ń wo nǹkan lójoojúmọ́ kì í tètè rí i. Èmi kọ́. Èmi ni mo ní nọ́ńbà lọ́wọ́.

* * *

Ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ ìtùnú, mo rí gbogbo ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìwé.

Ẹnì kan béèrè pé ṣé King kórìíra àwọn tó sanra ni. Rárá o, ara ẹ̀ ló ti mú ìtàn náà jáde. Òun fúnra ẹ̀ sọ pé ìwọ̀n òun ti tó 236 páùn, bíi kílò 107, sìgá sì wà lẹ́nu òun nígbà gbogbo, dókítà wá kìlọ̀ fún òun. Inú bí i. Ó ṣáà gbìyànjú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, ló bá rí i pé bí ẹni pé wọ́n ń já nǹkan ìní òun gbà ni. Ó wá bi ara ẹ̀ pé tí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í rù tí kò sì lè dúró ńkọ́? Ìwé dé nìyẹn.

Kì í tiẹ̀ ṣe orúkọ ẹ̀ ló wà lára ìwé náà nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Richard Bachman ni wọ́n kọ síbẹ̀, orúkọ tó ti ń lò láti 1977 fún àwọn ìwé kan. Thinner ni ìkarùn-ún, òun ló sì ta orúkọ náà síta. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtàwé ní Washington kà á, ó ní ohùn ẹni yìí kì í ṣe ohùn àjèjì, ó lọ tú ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé wò, ó bá orúkọ King níbẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ 1985 ni ayé gbọ́. Kí ayé tó gbọ́, ẹ̀dà 28,000 ló tà. Lẹ́yìn ẹ̀, 280,000. Ìwé kan náà, kò sí kọ́mà kan tó yí padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ìwé tó dáa ló ń ta ara ẹ̀, ẹ kú iṣẹ́.

* * *

Ará Peckham ti padà wá, ó ti fi pẹ́lẹ́ńgẹ́ sílẹ̀, nǹkan gidi ló sì gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní àwa tá à ń jà lórí ikùn Halleck, a ò sọ̀rọ̀ àwọn Roma. Pé nínú ìwé yẹn, gbogbo Roma ló dọ̀tí, gbogbo wọn ló ń ṣépè, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kàn ń gbé ìgbé ayé ẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

Mo gbà fún un pátápátá, mo sì lè fi kún un. Àwọn gbólóhùn tí wọ́n fi sẹ́nu àwọn èèyàn yẹn bí ẹni pé èdè Roma ni, kì í ṣe èdè Roma. Èdè Sweden ló pọ̀ jù níbẹ̀! King jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé àwọn ìwé òun tí wọ́n ti túmọ̀ sí èdè ilẹ̀ mìíràn lòun fà yọ lórí pẹpẹ, tí òun ń ṣa gbólóhùn níbẹ̀ bó ṣe wù òun. Àwọn òǹkàwé mú un, ó ní ó tọ́ kí wọ́n mú òun, pé ìwà ọ̀lẹ ni.

Ẹ fojú inú wò ó. Kí Òyìnbó kan kọ ìtàn babaláwo, kó dé ibi tí bàbá ń pe ọfọ̀, kó lọ ṣa gbólóhùn látinú ìwé ìdáná àwọn ará Hausa, kó ní Ifá nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jẹ́ òpó ìtàn náà! Ohùn bàbá yẹn ló pa Halleck. Ẹni tó ń kọ ìtàn nípa agbára ohùn, tí kò lè jókòó wá ohùn náà lọ, ó ti jẹ gbèsè. Mo fẹ́ràn King o, mo ti ka púpọ̀ nínú ìwé ẹ̀. Èyí ò dáa.

Àmọ́ mi ò gbà pẹ̀lú ẹni tó ní ká kúkú ju ìwé náà nù nítorí ẹ̀. Bàbá yẹn, láìka gbogbo èyí sí, òun nìkan ló mọ ìtumọ̀ ìdájọ́ nínú ìwé náà. Gbogbo lọ́yà, gbogbo adájọ́, kò sẹ́ni tó béèrè pé orúkọ ìyá tó kú ńkọ́. Òun ló ń dárúkọ ọmọ ẹ̀.

* * *

Nọ́ọ̀sì wa tó máa ń wọlé lóru ti bú gbogbo wa. Ó ní a ń ṣe bí ẹni pé rírù nìkan ló ń pani. Ó ní àìsàn ni sísanra jù, pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní lọ́dún 2022, ó ju bílíọ̀nù kan èèyàn lọ tó wà nínú ẹ̀, ẹnì kan nínú mẹ́jọ. Ó ní kí n yéé pe ikùn ní nǹkan ẹ̀sín, kí n má sì pè é ní nǹkan ẹ̀yẹ.

Ó bá mi wí, mo gbà. Àwa la máa ń kí èèyàn pé “Ah, ẹ ti sanra o!” tí a ó sì retí ọpẹ́. Ẹ tiẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀ létí: san, ara. Ó dún bí ìgbà tí ara bá san. Ọmọ àbúrò ìyá mi dé láti Houston lọ́dún kan, ìyá mi dì mọ́ ọn, ó ní, “O ti sanra, ayé ń gbà ọ́!” Ọmọ yẹn bú sẹ́kún. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bi gbogbo ilé pé ta ló kú.

Láyé ìgbà tí éèdì gbòde kan náà ńkọ́? Ẹni tó bá rù, wọ́n á ti sọ̀rọ̀ ẹ̀ tán kó tó kọjá ojúde. Mo mọ àwọn tó ń wọ aṣọ méjì lábẹ́ agbádá kí wọ́n lè kún. Èmi ni mo ń rán an.

Òde òní sì ti tún yàtọ̀. Ẹnì kan kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ta ló ní nọ́ńbà fóònù bàbá arúgbó yẹn, òun fẹ́ san owó kí wọ́n kan òun lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rín pa mí. Àmọ́ abẹ́rẹ́ ti wà fún un báyìí, Ozempic àti Wegovy, àwọn èèyàn sì ń wá a kiri. Ẹni tó bá ka Thinner lónìí, apá ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lè dà bí ìpolówó ọjà lójú ẹ̀. Kó ṣáà kà á dé 118.

* * *

Ó ku ọ̀rọ̀ ìparí ìwé náà, ibi tí kò sẹ́ni tó gbà fún ẹnì kejì ẹ̀. Mo sì ní ìjẹ́wọ́ kan síbẹ̀, ẹ fara balẹ̀ fi mí ṣẹ̀sín.

Halleck wá bàbá yẹn kàn ní Maine, òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tó jẹ́ jàǹdùkú, wọ́n yọ àwọn Roma lẹ́nu títí bàbá fi gbà láti gbé èpè náà kúrò. Èpè náà ò lè parẹ́, àfi kó lọ sórí ẹlòmíràn. Bàbá ro ẹ̀jẹ̀ Halleck sínú páì tí wọ́n fi èso sitirọ́bẹ́rì ṣe, ó ní ẹni tó bá jẹ ẹ́ ló máa gbé e. Ó tún gbà á nímọ̀ràn pé kó jẹ ẹ́ fúnra ẹ̀, kó kú ikú tó mọ́. Halleck gbé páì lọ sílé fún ìyàwó ẹ̀. Lójú tiẹ̀, Heidi ló jẹ̀bi, òun lọ́wọ́ ẹ̀ wà níbi tí kò yẹ nígbà tí mọ́tò ń lọ, òun ló tún fọwọ́ síwèé pé kí wọ́n gbé ọkọ ẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú wèrè.

Mo ra ìwé tèmi lórí ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù. Ibi tí Halleck gbé páì kalẹ̀ tó lọ sùn ni tèmi parí sí. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni King ṣe kọ ọ́! Ọdún gbọọrọ ni mo fi ń bá àwọn èèyàn jiyàn pé ìparí ìwé náà burú, pé ọkùnrin ló ṣẹ̀, obìnrin ló jìyà, pé King kórìíra obìnrin. Mo ń pariwo ẹ̀ ní ilé ìtajà mi. Ọjọ́ kan ni oníbàárà kan wò mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ẹ̀ wá ńkọ́?” Mo ní ọmọ wo. Ó mú ti ẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì. A gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ojú ìwé tó gbẹ̀yìn ti já kúrò lára tèmi, gọ́ọ̀mù nìkan ló kù níbẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, Halleck sọ̀kalẹ̀, ó rí i pé èèyàn méjì ló ti jẹ nínú páì náà. Linda, ọmọ ẹ̀ obìnrin tó rò pé kò sí nílé, ti jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìyá ẹ̀. Halleck mú ọ̀bẹ. Ó gé ti ẹ̀.

Àwọn kan níbí ní ó jẹ́ ìdájọ́. Arábìnrin tó kọ̀wé lánàá ní ìdájọ́ wo ló pa ọmọdé tí kò mọwọ́ tí kò mọsẹ̀, pé King kàn fẹ́ ká pariwo ni. Mo ti wà níhà méjèèjì. Ní báyìí, ti arábìnrin yẹn ni mo ń ṣe. Kò sí ọmọ Yorùbá tí ìyá ẹ̀ ò tíì gbá lẹ́nu nítorí pé ó jẹ ohun tí kò mọ ẹni tó gbé e wá, àmọ́ inú ilé bàbá ọmọ yìí ni wọ́n gbé e kalẹ̀ sí. Níbo ló tún fẹ́ ti máa ṣọ́ra?

* * *

Ẹni tó béèrè ní kí lòun máa wá sọ fún ẹ̀gbọ́n òun tó yá òun níwèé. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ kà á, pé apá ìbẹ̀rẹ̀ dùn yín, kẹ́ ẹ má sì tọrọ gáfárà nítorí ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ni ara yín. Kẹ́ ẹ wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń rò nígbà tí Heidi ń yọ̀ pé ọkọ òun ti ń fúyẹ́. Èsì wọn á sọ fún yín irú ẹni tẹ́ ẹ yáwèé lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè tíṣà mi: ó wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, aṣọ ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀ ló kó wá. Ó ń gún abẹ́rẹ́ ẹ̀ déédéé, ó ti tún ń rẹ́rìn-ín kó tó wọlé. Mo fi téèpù yí i ká, íǹṣì 38 ó lé díẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lábẹ́ 34, mo sì yí ìwé náà sọ́dọ̀ ẹ̀ kó wò ó fúnra ẹ̀. Ó fi ìka tọ àwọn nọ́ńbà náà látòkè wá sísàlẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ó wá ní kí n fi àyè íǹṣì kan sílẹ̀ ní ẹ̀yìn ṣòkòtò náà, kí n má gé e dànù.